Ìgbòkun Wo Ni Kí N Gbé? Ìtàn Pátákó Onígbòkun àti Atẹ́gùn Líle



Ẹ ó rántí pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, díẹ̀ nínú wa lọ gba afẹ́fẹ́ ní etíkun Erékùṣù Hayling, ní apá gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ (ó mọ ara rẹ̀), ló ní òun fẹ́ gun pátákó onígbòkun, eré orí omi tí àwọn Òyìnbó ń pè ní windsurfing. Fún ẹni tí kò bá rí i rí: pátákó gbọọrọ kan ni ó ń léfòó lórí omi, òpó kan dúró lórí rẹ̀, ìgbòkun wà lára òpó náà. Ènìyàn á dìde dúró lórí pátákó, á di igi tó yí ìgbòkun ká mú, atẹ́gùn á sì máa gbé e lọ.

Ọmọkùnrin tó ń fi pátákó yáni bi ẹ̀gbọ́n wa pé kílò mélòó ni ó wọ̀n. Inú bí ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Ṣé màlúù tí wọ́n fẹ́ pa ni mí ni?" Ó ní kí wọ́n gbé èyí tó tóbi jù nínú àwọn ìgbòkun náà fún òun, nítorí pé apá òun le. Nígbà tó wọ omi, atẹ́gùn kò tíì le. Kí ó tó di agogo mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo ojú òkun ti funfun, a kò sì rí ẹ̀gbọ́n wa mọ́ àfi bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ẹyẹ lókèèrè. Ọkọ̀ àwọn agbẹ̀mílà ló lọ gbé e wá. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó ń gbọ̀n, ó wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, kì í ṣe pé n kò lágbára o. Ìgbòkun yẹn ló lágbára jù mí lọ."

A ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn eré yìí, mo sì rí i pé àṣìṣe ẹ̀gbọ́n wa kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ gan-an ṣe é fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Láyé ọkọ̀ ojú omi onígbòkun, kò sí atukọ̀ tó ń dúró ní èbúté kí ó máa ronú pé ìgbòkun wo ni òun yóò gbé. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀. Bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, wọ́n á ta gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ń le, àwọn ọmọ ọkọ̀ á gun òpó, wọ́n á ká díẹ̀ kúrò, wọ́n á so ó. Ẹni tó bá ti ka ìtàn ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé, kò sì dùn ún ṣe nínú ìjì.

Nínú iṣẹ́ yìí ni ìwọ̀n atẹ́gùn tí à ń lò títí di òní ti jáde. Francis Beaufort, ọmọ Ireland tí wọ́n bí ní 1774, jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọmọ-ogun ojú omi Ilẹ̀ Ọba. Ní oṣù kìíní ọdún 1806, nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Woolwich, ó kọ ètò kan sínú ìwé rẹ̀ tó fi pín atẹ́gùn sí ìpele-ìpele, bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi ìgbòkun kún un. Kì í ṣe ìyára atẹ́gùn ni ó ń wọ̀n. Ohun tó ń wọ̀n ni iye ìgbòkun tí ọkọ̀ ogun tó dára lè gbé láìfarapa. Ní ìpele kan, ọkọ̀ náà lè ta ìgbòkun òkè pátápátá. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, a ti ká ìgbòkun lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí a bá dé ìpele 12, kò sí aṣọ tí ènìyàn hun tó lè dúró níwájú atẹ́gùn náà. Ọkọ̀ Beagle, tó gbé Charles Darwin kiri ayé láti 1831, lo ètò yìí, ní 1838 sì ni àwọn aláṣẹ ní kí gbogbo ọkọ̀ ogun wọn máa lò ó. Bí oorun kò bá kun yín lóru, tí ẹ ṣí rédíò BBC, tí ẹ gbọ́ tí wọ́n ń ka ojú ọjọ́ fún àwọn atukọ̀, "mẹ́fà sí méje, ìjì mẹ́jọ", iṣẹ́ ọwọ́ Beaufort ni ẹ ń gbọ́ yẹn.

Nítorí náà, àwọn àgbà atukọ̀ kò ya atẹ́gùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbòkun. Lójú tiwọn, atẹ́gùn líle túmọ̀ sí ìgbòkun kékeré, ó parí. Báwo wá ni àwọn agunpátákó ṣe gbàgbé ohun tí gbogbo atukọ̀ mọ̀?

Ìdáhùn náà wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe pátákó yìí. Lára ọkọ̀ tòótọ́, okùn ló di òpó mú, ẹrù tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni kì í jẹ́ kí ó dojú dé. Lára pátákó onígbòkun, kò sí okùn, kò sí ẹrù. Òpó dúró lórí oríkèé kan, ó lè tẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Kò sí àjẹ̀ ìtọ́kọ̀ pẹ̀lú: bí o bá fi ìgbòkun síwájú, pátákó á yí kúrò níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, bí o bá fà á sẹ́yìn, á kọjú sí i. Ẹni tó ń gùn ún ni okùn, òun náà ni ẹrù. Kò sí ọmọ ọkọ̀ tó máa bá a ká ìgbòkun nígbà tí ìjì bá dé. Ohun tó bá gbé kúrò ní etíkun ló máa bá a dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyí tí ọmọkùnrin ọjọ́sí fi béèrè kílò ẹ̀gbọ́n wa.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe irú pátákó bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù. Ní 1958, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, Peter Chilvers, kan pátákó kan, ó fi òpó àti ìgbòkun sí i, ó sì ń fi ṣeré lórí omi ní Erékùṣù Hayling yìí kan náà. A dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, a ò mọ̀ pé orí ilẹ̀ ìtàn ni a wà. Ní 1964, Newman Darby gbé tirẹ̀ jáde ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Popular Science ní oṣù kẹjọ 1965. Ìgbòkun Darby rí bí ti káìtì tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Ẹni tó ń gùn ún á fẹ̀yìn tì í. Ní oṣù karùn-ún 1967, Jim Drake, tó jẹ́ ẹnjiníà ọkọ̀ òfurufú, gun èyí tí òun àti Hoyle Schweitzer ronú rẹ̀ pọ̀ ní Marina del Rey ní California. Schweitzer jẹ́ oníṣòwò tó fẹ́ràn gígun ìgbì. Wọ́n béèrè fún ìwé-àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní 1968, wọ́n gbà á ní oṣù kìíní 1970. Nígbà tó yá, Drake ta ìpín tirẹ̀ fún Schweitzer.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ òfin láàrin wa yóò ti mọ ìyókù: ẹjọ́ Windsurfing International àti Tabur Marine, tó wà nínú àkójọ ẹjọ́ ti 1985. Ilé-iṣẹ́ Schweitzer pe ilé-iṣẹ́ kejì lẹ́jọ́ pé ó ń ṣe ohun tí àwọn nìkan ní àṣẹ láti ṣe. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ mú ìtàn Chilvers àti ìwé Darby wá. Wọ́n ní igi ìdìmú tí Chilvers lò gún régé, ti Schweitzer sì tẹ̀ bí ọrun, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Kóòtù wò ó pé nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ìgbòkun, igi ọmọ náà a máa tẹ̀ bí ọrun. Ìwé-àṣẹ náà ṣubú ní Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn nítorí eré ọmọ ọdún méjìlá. Orúkọ ẹjọ́ yìí ni wọ́n sì fi ń pe ìbéèrè mẹ́rin tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ yìí fi ń mọ̀ bóyá ọgbọ́n tuntun kan tuntun lóòótọ́. (Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n rí: ní 1986, kóòtù ní ìwé-àṣẹ náà dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "windsurfer" ti di ti gbogbo ènìyàn.)

Ẹ má jẹ́ kí ẹjọ́ gbà wá lọ́kàn ju bó ṣe yẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ìgbòkun. Èyí tí Schweitzer ń tà pọ̀ mọ́ pátákó rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 56, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 5 àti díẹ̀. Òfin ìdíje wọn ni pé kí pátákó àti ìgbòkun gbogbo olùdíje jẹ́ ọ̀kan náà, kí ó lè hàn pé ọgbọ́n ló borí, kì í ṣe owó. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni kílò 55 àti ẹni kílò 95 kò lè gbé ìgbòkun kan náà nínú atẹ́gùn kan náà kí ó rí bákan náà fún wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n pín àwọn olùdíje ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wúwo tó, bí àwọn akànṣẹ́. Wọ́n fi ìgbòkun sílẹ̀, wọ́n ń yan ènìyàn! Nígbà tí wọ́n mú eré yìí wọ Òlíńpíìkì ní Los Angeles ní 1984, níbi tí Stephan van den Berg ará Netherlands ti gba wúrà, irú ìgbòkun kan náà ni gbogbo wọn gbé, ì báà ṣe pé atẹ́gùn sùn tàbí pé ó jí.

Ìṣirò kan wà tó mú ọ̀rọ̀ yìí le. Bí ìyára atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ìgbòkun kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Àwọn atukọ̀ ń fi nọ́ọ̀tì wọn ìyára, nọ́ọ̀tì kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì ní wákàtí kan. Láti nọ́ọ̀tì 15 sí 30, ìgbòkun kan náà á fa apá ẹni nígbà mẹ́rin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí iye ẹ̀bà tí ènìyàn lè jẹ tí apá rẹ̀ á fi le ní ìlọ́po mẹ́rin láàrin wákàtí méjì. Òtútù ibí tún ń dá kún un: afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju gbígbóná lọ, nítorí náà nọ́ọ̀tì 25 ti oṣù kejì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ti ìgbòkun jù nọ́ọ̀tì 25 ti Hawaii lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 nínú 100.

Hawaii náà ni ìyípadà ti wá. Ní Kailua, ní erékùṣù Oahu, atẹ́gùn láti àríwá-ìlà-oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi, ìgbì sì wà nítòsí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé ibẹ̀, Larry Stanley àti Mike Horgan wà lára wọn, tí wọn kò bìkítà fún ìdíje lórí omi tó dákẹ́. Ìgbì ni wọ́n fẹ́ fò. Bí wọ́n bá sì fò, pátákó á bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn lójú òfurufú. Ní nǹkan bí 1977, wọ́n kan okùn pẹlẹbẹ mọ́ ojú pátákó, wọ́n ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ènìyàn ti lè dúró nínú ìjì. Wọ́n tún ń fi ìgbànú onígẹ̀ kọ́ ara wọn mọ́ igi ìdìmú, kí ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n ara wọn ni yóò máa fa ìgbòkun, kí apá lè sinmi. Láàrin wọn ni Robby Naish ti dàgbà, ẹni tó di olúborí àgbáyé ní 1976 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Bí agbára apá ló ń borí, ẹ sọ fún mi bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ṣe rí i ṣe.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ti dé Ho'okipa ní erékùṣù Maui, níbi tí ìgbì ìgbà òtútù ti ń ga ju ilé lọ. Pátákó wọn ti kúrú débi pé, bí ènìyàn bá dúró lé e láìsí atẹ́gùn, á rì. Wọn kò lè fa ìgbòkun sókè láti orí pátákó mọ́. Wọ́n á sùn sínú omi, wọ́n á gbé ìgbòkun sókè díẹ̀ kí atẹ́gùn fi fà wọ́n dìde. Ibẹ̀ ni ìbéèrè náà ti wá di tòótọ́: ìgbòkun wo ni kí n gbé?

Ìgbì kì í jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Orí omi tó tẹ́jú, atẹ́gùn nìkan ni à ń bá sọ̀rọ̀. Lórí ìgbì, omi fúnra rẹ̀ ń ti pátákó, nítorí náà nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ìgbì, ìgbòkun ńlá kò wúlò fún un, ó kàn ń dí i lọ́wọ́ ni. Ìgbòkun kékeré ló ṣeé yí kíákíá. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lọ, ó gbọ́dọ̀ la omi funfun tó ń hó kọjá. Ní kòtò tó wà láàrin ìgbì méjì, ìgbì tó wà níwájú ń dí atẹ́gùn, ìgbòkun á rọ. Bí ó bá sì yọ sí orí ìgbì, gbogbo atẹ́gùn á kọlù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìgbòkun bá kéré jù, á há sínú kòtò, ìgbì tó ń bọ̀ á sì fọ́ lé e lórí, á fọ́ òpó rẹ̀. Bí ó bá tóbi jù, orí ìgbì ni á ti jù ú nù. Mo ti gun pátákó fún ọdún mẹ́ta, mo ti mu omi iyọ̀ tó, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ kò sì tíì fẹnu kò lórí èwo nínú méjèèjì ló dára láti ṣèèṣì sí. Tèmi ni kí ó kéré díẹ̀. Ẹni tí ìgbòkun rẹ̀ kéré á pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n á ṣì di ìgbòkun mú.

Àwọn tó ń rán ìgbòkun náà kò sùn. Ìgbòkun àtijọ́ ní igi ìdìmú gígùn; bí atẹ́gùn bá le, ibi tí agbára rẹ̀ wà á sún sẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀yìn á máa já, pátákó á sì yí lójijì, á ju ẹni síwájú bí òkò. Ní àwọn ọdún 1980 wọ́n gé igi náà kúrú, wọ́n ki ọ̀pá pẹlẹbẹ sínú aṣọ ìgbòkun láti etí kan dé èkejì kí ó má baà yí ìrísí padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé bí a bá fa ìgbòkun wálẹ̀ gan-an lára òpó, apá òkè rẹ̀ á tú díẹ̀. Bí ẹ̀fúùfù òjijì bá dé, òkè yẹn á ṣí fúnra rẹ̀, á da atẹ́gùn nù. Èyí jọ ká tí àwọn ọmọ ọkọ̀ Beaufort ń ká, àfi pé kò sẹ́ni tó gun òpó.

Bí ẹ bá tẹ̀lé ìṣirò ìlọ́po mẹ́rin gan-an, ẹni tó gbé 7.5 nínú nọ́ọ̀tì 15 yẹ kó gbé ohun tí kò tó 2 nínú nọ́ọ̀tì 30. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òkè ìgbòkun tó ń ṣí, àti nítorí ìgbànú tó ń jẹ́ kí ènìyàn fi gbogbo ara tẹ̀ sẹ́yìn. Ìlànà tí àwọn agunpátákó sábà máa ń lò rọrùn: sọ kílò rẹ di ìlọ́po 1.34, kí o sì fi nọ́ọ̀tì atẹ́gùn pín in. Ẹni kílò 75 nínú nọ́ọ̀tì 20, mítà onígun mẹ́rin 5 ni tirẹ̀. Nínú nọ́ọ̀tì 30, 3.4 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gun ìgbì a máa kó ìgbòkun mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ọkọ̀, bíi 5.3, 4.7, 4.2 àti 3.7, wọ́n á dúró ní etíkun fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wo àwọn tó ti wà lórí omi kí wọ́n tó tú èyíkéyìí.

Àwọn tó ń sáré ìyára náà kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Fred Haywood, ará Maui, ló kọ́kọ́ kọjá nọ́ọ̀tì 30 lórí pátákó, ní Weymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní 1983. Ní 1986, Pascal Maka ará Faransé sá 38.86 ní Fuerteventura, tí kò sí ọkọ̀ onígbòkun kankan láyé tó yára tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní 2015, ní Lüderitz ní Namibia, ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, Antoine Albeau dé 53.27. Àwọn tó ń sáré báyìí kì í gbé ìgbòkun ńlá. Ìgbòkun ńlá wà fún ìdíje inú atẹ́gùn tí kò le: ní Òlíńpíìkì láti 2008 títí dé èyí tí wọ́n ṣe ní Tokyo, 9.5 ni àwọn ọkùnrin gbé, 8.5 ni àwọn obìnrin.

Mo ti ṣe ìṣirò ti ẹ̀gbọ́n wa. Ó jẹ́wọ́ fún mi lórí tẹlifóònù pé kílò 92 ni òun. Nígbà tó wọ omi, atẹ́gùn wà ní nǹkan bí nọ́ọ̀tì 16, èyí sì fún un ní 7.7; ìgbòkun 7.5 tó gbé kò burú. Nígbà tí agogo mẹ́ta fi lù, atẹ́gùn ti tó 25. Ó yẹ kó wà lórí 4.9, tàbí kó ti wà lórí ilẹ̀, nítorí ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Ìgbòkun kan náà ti ń fà á ní ìlọ́po méjì àti àbọ̀. Mo kà á fún un bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Àbúrò, ìgbà wo la tún ń lọ?"